Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ibi Àràmàǹdà Mélòó Ni Eré Ìrìn Àjò Nílò?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ jẹ́ adarí eré fún àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin. Ìrìn àjò orí títì ni, ní Amẹ́ríkà, ọdún 1962, láti Chicago dé Santa Monica lórí Route 66. Mo ti kó ọgọ́ta ibi àràmàǹdà jọ. Cadillac Ranch ló ṣáájú, mẹ́sàn-án nínú wọn sì wà ní Kansas. Láràárọ̀ ni mo fẹ́ máa ju dáìsì olójú ogún láti mọ èyí tí wọ́n máa bá pàdé. Ṣé ọgọ́ta tó, àbí kí n wá sí i? Báwo ni mo sì ṣe máa ṣírò epo àti máìlì?

Ìdáhùn: Àbúrò, ó ti pọ̀ jù. Ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́ tó ń bi mí ní irú èyí, mo sì mọ ibi tó ti ń wá: àwọn tó ń ta àtẹ "ọgọ́rùn-ún ìṣẹ̀lẹ̀ ojú ọ̀nà" lórí íntánẹ́ẹ̀tì. (Fún ẹni tí kò mọ eré yìí: ẹnu la fi ń ṣe é. Olúkúlùkù á di ẹ̀dá ìtàn kan, adarí á sọ ohun tó wà níwájú wọn, àwọn náà á sọ ohun tí wọ́n ṣe.)

Kí n kọ́kọ́ yọ Cadillac Ranch kúrò lọ́nà. Ọdún 1974 ni wọ́n ri mọ́tò Cadillac mẹ́wàá yẹn mọ́lẹ̀ lẹ́bàá Amarillo ní Texas, wọ́n dojú wọn délẹ̀, ìdí wọn wà lókè. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1963. Ère ẹja àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù ti Catoosa, ní Oklahoma, náà ò tíì sí ní 1962. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ọkùnrin kan kọ́ ọ sétí omi láti fi ṣe ẹ̀bùn àyájọ́ ìgbéyàwó fún ìyàwó rẹ̀, tó máa ń kó ère àbùùbùtán kéékèèké jọ. Wigwam Motel ní Holbrook, Arizona, ti wà láti 1950: yàrá oníkọnkéré tó rí ṣóńṣó bí àgọ́. Meteor Crater tìẹ, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Nǹkan bí 50,000 ọdún sẹ́yìn ni òkúta ojú ọ̀run já síbẹ̀, tó gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ ju kìlómítà kan lọ. Eré tìrẹ ni o, o lè yí ọdún padà. Ṣáà mọ̀ pé o yí i.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyí. Ẹnì kan ti tà á fún ọ pé bí ohun àràmàǹdà bá ṣe pọ̀ tó lọ́nà ni eré ìrìn àjò ṣe máa dùn tó. Irọ́ ni. Kí ni wọ́n máa ṣe tí wọ́n bá débẹ̀? Wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á wò ó, ẹnì kan á dá àpárá, wọ́n á padà sínú mọ́tò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá fi máa di ibi keje, ìṣẹ́jú mẹ́ta ò ní pé. Mo ti ṣe é rí, ogójì ni tèmi. Ní ìjókòó kẹrin, mo ń ṣàpèjúwe ère kan tó ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ni mo bá rí i tí ẹnì kan ń to dáìsì rẹ̀ lé ara wọn bí ẹni to ike ìpara. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an la tiẹ̀ ń lọ?" Mi ò rí dá a lóhùn.

Dáìsì tún wá dá kún un. Dáìsì olójú ogún, báwo ló ṣe fẹ́ yan nínú ọgọ́ta? Tó o bá sì ju ú lẹ́ẹ̀kan láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ tí ìrìn àjò náà máa gbà, nínú ìrìn àjò márùn-ún, bíi mẹ́rin ni nọ́ńbà kan á ti jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èmi ò bá dáìsì jà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ bóyá ohun tí ẹnì kan dáwọ́ lé bọ́ sí i. Ìdí tí wọ́n fi wà lójú ọ̀nà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ dáìsì.

Wá wo òtẹ́ẹ̀lì kan tí kò ní àràmàǹdà kankan lára. Ilẹ̀ ti ṣú. Pátákó iná pupa ń ṣẹ́jú: YÀRÁ WÀ. Ọkọ̀ méjì péré ló wà níta. Nínú mọ́tò tìrẹ, aláwọ̀ funfun ló ń wakọ̀, aláwọ̀ dúdú ló jókòó tì í, ọdún 1962 sì ni. Èyí tó jókòó tì í mọ̀ pé pátákó yẹn lè má bá òun sọ̀rọ̀. Ó yọ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde: Green Book, tí Victor Hugo Green, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń pín lẹ́tà kiri, tó ń gbé ní New York, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní 1936, kí àwọn dúdú lè mọ òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti ilé epo tó máa gbà wọ́n. Òfin tó ní kí òtẹ́ẹ̀lì má lé ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ ò dé títí di 1964. Ó ń fìka tọ ojú ìwé. Orúkọ ìlú yìí ò sí níbẹ̀. Awakọ̀ ní, "Ó ti rẹ̀ mí, jẹ́ ká ṣáà béèrè." Panu mọ́ níbẹ̀. Ìdajì wákàtí á kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé dáìsì wà lórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o: kó o tó gbé irú èyí kalẹ̀, bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọn ò fẹ́ kó wọ inú eré. Ẹni tó bá ní rárá, rárá náà ni, má wádìí. Tó o bá fo ibí yìí, tí ẹnì kan fi ẹkún dìde, má ní èmi ni mo rán ọ.

Kó ọgọ́ta yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Bi olúkúlùkù: kí lò ń sá fún ní Chicago? Kí ló wà nínú bùútù tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni? Ta ló ń retí rẹ ní Santa Monica? Lẹ́yìn náà, mú ibi tó bá kan ìdáhùn wọn nìkan. Bí ìgbéyàwó ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká, tí ìwọ náà sì ti gbà láti yí ọdún padà, gbé e lọ jókòó sẹ́nu àbùùbùtán tí ọkùnrin kan kọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Àbùùbùtán di nǹkan nìyẹn. Mi ò rò pé ó máa ju mẹ́fà tàbí méje lọ. Àwọn tó kù, kí wọ́n máa wò wọ́n lójú fèrèsé bí mọ́tò ṣe ń lọ.

Epo àti máìlì: ọ̀nà náà tó nǹkan bí máìlì 2,400, ó gba ìpínlẹ̀ mẹ́jọ kọjá. Fi 300 sí ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́jọ ni. Má ka gálọ́ọ̀nù. Epo ò di ọ̀rọ̀ àfi tó bá fẹ́ tán. Nínú aṣálẹ̀ Mojave, omi gan-an ni kó o rò: àwọn arìnrìn-àjò ìgbà yẹn máa ń fi àpò aláṣọ tó kún fún omi kọ́ iwájú mọ́tò. Jẹ́ kí tiwọn máa jò. Kí ẹnì kan mọ̀, kó má sọ.

Tó bá wá ń ṣe ọ́ bíi kó o lọ wa ọ̀nà náà fúnra rẹ, ìyẹn ò sí lọ́rùn mi. Wọ́n ti yọ Route 66 kúrò nínú ọ̀nà àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní 1985, apá ibì kan ti bàjẹ́, apá ibì kan ti di ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà ni kó o bi.

Ní ti ibi mẹ́sàn-án tó o kó sí Kansas: nǹkan bí máìlì 13 péré ni ọ̀nà náà rìn nínú Kansas. Kí mọ́tò má dúró níbẹ̀ àfi tí ẹnì kan bá fẹ́ tọ̀.