Kí ẹ tó ra ráútà onílà méjì, ẹ wo ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé

Arábìnrin kan tó ń gbé ní agbègbè Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn béèrè bóyá ó yẹ kí òun ra ráútà tó lè gba ìlà íntánẹ́ẹ̀tì méjì, kí ìkejì lè gbapò nígbà tí àkọ́kọ́ bá dákẹ́. Ilé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn oníbàárà tó wà ní òkè òkun, okùn fáíbà tí wọ́n ń sanwó fún sì máa ń lọ láàárín ìpàdé. Ìdáhùn mi ni pé ẹ lè rà á, mà, ṣùgbọ́n ráútà yẹn ni ó rọrùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 2021 ni mo ti ń lo irú ètò yìí ní ilé mi ní Bódìjà, ohun tí ó sì kọ́ mi ni pé ohun tí ìlà méjèèjì bá jọ ń lò ni yóò pa wọ́n pọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé àdúgbò yín, ó lè jẹ́ iná tó ń gbé wọn ró, ó sì lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà tó ń ta méjèèjì fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé, nítorí ibẹ̀ ni ìyà ti kọ́kọ́ jẹ mí. Okùn fáíbà ni ìlà àkọ́kọ́ mi, òṣìṣẹ́ tó wá so ó sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra síìmù 4G ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe ìkejì, kí owó rẹ̀ lè dínkù. Nígbà tí katakata tó ń gbẹ́ gọ́tà ní òpópónà wa gé okùn náà, ráútà yí sí orí síìmù gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, àmì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kún dẹ́múdẹ́mú, síbẹ̀ ojú-ewé kan kò ṣí. Okùn tí wọ́n gé yẹn gan-an ni ó ń gbé ìsọfúnni lọ sí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àdúgbò wa. Àmì tí ẹ ń rí lórí fóònù kò sọ ju pé fóònù ń gbọ́ ohùn òpó lọ. Kò sọ bóyá òpó náà ń gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ni n kò ti jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ta ìlà méjèèjì fún mi, bí ó ti wù kí ẹ̀dínwó rẹ̀ dùn tó.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ lórí òkun pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, èyíinì ni WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní apá Abidjan ní Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà kò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Okùn Equiano, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2022, kò sí lára àwọn tó bàjẹ́, nítorí náà ẹni tí ìlà rẹ̀ kan ń gba ibẹ̀ jáde ní ibi tí ó lè sá sí. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ yín léèrè okùn tí wọ́n ń gbà jáde. Ẹni tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì wọn lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnjiníà tó bá wá so ó sábà máa ń mọ̀.

Ní ti ohun tí ẹ lè fi ṣe ìlà kejì, síìmù 4G tàbí 5G ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn. Ìlú olókè méje ni ìlú wa, ilé tó wà ní àfonífojì lè má gbọ́ òpó tí ilé orí òkè ń gbọ́ kedere, nítorí náà ẹ má gbára lé ohun tí aládùúgbò sọ. Ẹ yá síìmù lọ́wọ́ ará ilé kan, kí ẹ sì dán an wò ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti délé tí wọ́n ń wo fídíò. Lórí ojú-ewé ètò módẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹ ki síìmù bọ̀, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní RSRP, tó ń sọ bí àmì òpó ti lágbára tó, tó sì ń sàn bí ó bá ṣe ń súnmọ́ òdo: bí ó bá wà ní nǹkan bí -95 tàbí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀, ó dára; bí ó bá ti di -110 tàbí tí ó burú jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé módẹ́ẹ̀mù lọ sí ẹ̀bá fèrèsé tó kọjú sí òpó, kí ó jìnnà sí irin ààbò fèrèsé, tàbí kí ẹ yan ilé-iṣẹ́ mìíràn. Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kínní ọdún 2023, kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú òpó tàbí gọ́tà àdúgbò, ìyẹn sì ni iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ojú ọ̀run tí igi kò bò, òjò líle máa ń dín agbára rẹ̀ kù, àwo rẹ̀ tó wọ́pọ̀ sì lè jẹ iná tó 50 sí 100 watt, èyí tí bátìrì inverter kékeré yóò mọ̀ lára.

Ibi tí mo ti rí i tí owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣègbé ni ọ̀nà tí ráútà fi ń mọ̀ pé ìlà kan ti kú. Bí ẹ kò bá ṣètò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ráútà kàn máa ń wò bóyá okùn tó wọ ihò WAN àkọ́kọ́, ìyẹn ihò tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ráútà, ṣì ní ìmọ́lẹ̀ ni. Àpótí kékeré tí okùn fáíbà wọ̀ nínú ilé yín kò ní dẹ́kun àti máa fún un ní ìmọ́lẹ̀ yẹn níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà, kódà bí wọ́n bá ti gé fáíbà ní Sángo. Ráútà yóò máa jókòó ti ìlà tó ti kú, yóò ní ara rẹ̀ le. Nítorí náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Online Detection, Health Check tàbí Ping sí, kí ẹ sì ní kí ó máa béèrè lọ́wọ́ àdírẹ́sì 8.8.8.8 ti Google àti 1.1.1.1 ti Cloudflare bóyá wọ́n ń gbọ́ òun, kí ó má sì kéde pé ìlà kú àfi bí àwọn méjèèjì bá dákẹ́. Ẹ tún ní kí ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó padà sórí fáíbà lẹ́yìn tí fáíbà bá ti jí, nítorí okùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so máa ń wá, a sì tún máa lọ, ìpàdé yín yóò sì máa já ní gbogbo ìgbà tí ráútà bá yí padà. Ìlà tó ń kú díẹ̀díẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kan ń kọjá tí méjì ń sọnù, ṣòro láti mú ju èyí tó kú pátápátá lọ. Àwọn ètò ráútà tí àwọn onímọ̀ máa ń lò, bíi mwan3 lórí OpenWrt tàbí pfSense, lè wo iye ìsọfúnni tó ń sọnù kí wọ́n fi ṣe ìpinnu, ọ̀pọ̀ ráútà olówó pọ́ọ́kú kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ óò rí Failover, ìyẹn kí ìlà kejì gbapò nígbà tí àkọ́kọ́ bá kú, àti Load Balance, ìyẹn kí méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́, lórí ojú-ewé ètò náà. Ẹ yan Failover. Ẹni tó ń tà á yóò sọ fún yín pé Load Balance ń pa iyára méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún fáìlì kan ṣoṣo tàbí ìpàdé kan ṣoṣo. Ńṣe ni ó ń pín iṣẹ́ sí ìlà méjèèjì, àwọn báńkì kan tó bá rí i pé àdírẹ́sì yín ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú kan náà yóò sì lé yín jáde. Ẹ má retí pé Failover yóò ṣẹlẹ̀ láìsí àmì kankan o. Zoom sábà máa ń já, lẹ́yìn náà ni yóò so ara rẹ̀ padà, VPN tí ẹ fi ń wọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ibi iṣẹ́ lè béèrè pé kí ẹ tún wọlé, fáìlì ńlá tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sì lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè fara da ìdádúró yẹn rárá yóò nílò irú iṣẹ́ tí Speedify ń ṣe, tó ń pa ìlà méjì pọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà, owó oṣù rẹ̀ sì tún wà lọ́tọ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń wá so ó kì í sọ. Àdírẹ́sì àpótí fáíbà nínú ilé lè máa jẹ́ 192.168.1.1, ti módẹ́ẹ̀mù síìmù lè máa jẹ́ 192.168.8.1, ráútà tuntun yín náà sì lè wá láti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀kan nínú wọn. Bí méjì nínú wọn bá wà ní ìdílé àdírẹ́sì kan náà, tí nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ wọn dọ́gba, ráútà kò ní mọ ibi tí yóò gbà, ẹ óò sì rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ fi ráútà tuntun sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò sí, bíi 192.168.50.1, kí ẹ sì rí i dájú pé ìlà méjèèjì náà kò jọ ara wọn.

Dátà síìmù ni ọ̀rọ̀ tó kàn. Nígbà tí ráútà bá yí, tẹlifíṣọ̀n inú yàrá àwọn ọmọ kò mọ̀ pé ohunkóhun ti yí padà. Netflix lásán lè jẹ dátà tó 3 GB ní wákàtí kan bí àwòrán bá jẹ́ HD. Nítorí náà, lórí ráútà mi, kọ̀ǹpútà iṣẹ́ àti fóònù méjì nìkan ni mo fún láyè láti gba ìlà kejì. Gbogbo ohun yòókù yóò dúró de fáíbà. Àwọn ará ilé ráhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ ọ́n lára.

Ní ti iná, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ máa tàn pọ̀: àpótí fáíbà, ráútà àti módẹ́ẹ̀mù síìmù. Mo ti rí ilé tí ráútà nìkan wà lórí inverter, tí àpótí fáíbà sì wà lára iná NEPA. Volt 12 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, nítorí náà UPS kékeré, ìyẹn bátìrì tó ń gbapò nígbà tí iná bá lọ, tó ń fún wọn ní volt 12 tààrà tó wọn, bí ẹ bá ti ka ampere tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó rà á. Ní ìta, àwọn àpótí tí wọ́n fi ń pín fáíbà sí ojúlé nínú ètò GPON, irú fáíbà tí wọ́n sábà máa ń fà wọ ilé, kì í lo iná rárá, ṣùgbọ́n òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń lo bátìrì àti dísẹ́ẹ̀lì, ìdí nìyẹn tí síìmù fi lè kọ́kọ́ kú nígbà tí iná bá lọ pẹ́. Ẹ ra ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ mànàmáná náà. Òjò oṣù Kẹrin kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ní ti ráútà fúnra rẹ̀, TP-Link ER605 dára, ṣùgbọ́n kò ní Wi-Fi, nítorí náà ráútà àtijọ́ yín ni yóò máa tan Wi-Fi káàkiri ilé. GL.iNet rọrùn fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀, ó sì lè gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara fóònù nípasẹ̀ okùn USB. MikroTik lágbára, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tó ń kánjú. Bí owó bá kéré, ráútà 4G tó ní ihò síìmù àti ihò WAN lè ṣe é, bí ẹ bá ti wo ojú-ewé ètò rẹ̀ ní ọjà ẹ̀rọ Queen Cinema kí ẹ tó sanwó, tí ẹ sì rí i pé ó ní ibi tí ẹ ti lè ní kí ó máa ping ìta.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so gbogbo rẹ̀ tán, ẹ má fi yíyọ okùn tó wọ ihò WAN dán an wò, nítorí gbogbo ráútà ló ń yege ìyẹn. Fáíbà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ rọra yọ lára àpótí rẹ̀, kí ẹ fi ìdérí bò ó, kí ẹ má sì fi ojú wo ẹnu rẹ̀, kí àpótí náà sì máa tàn bí ó ti ń tàn nígbà tí wọ́n bá gé okùn ní ìta. Bí ojú-ewé bá ṣí láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹ dá fáíbà padà, kí ẹ sì tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ tí ẹ bá tún sanwó dátà síìmù náà.