Kó o tó ra irin, wá ibi tí wàá gbà jáde lábẹ́ ẹ̀

Àbúrò kọ́pà, o ní yàrá kan lo ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì n'Íbàdàn, ₦80,000 ló wà lọ́wọ́ ẹ, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń fẹ̀yìn lé ni kó o kọ́kọ́ rà ni tàbí dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì, irin kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan gbé, kó o lè máa gbé irin nílé. Mà á dáhùn. Àmọ́ ibi tó o ti sọ pé ẹnì kan ní kó o kúkú fi kọnkéré da irin tìẹ ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí ìhà òsì mi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nígbà tí mo kà á.

Ní 2021 ni, ní Apẹ̀tẹ̀. Jíìmù tí mò ń lọ fi kún owó oṣù wọn, inú bí mi, mo ní màá ṣe tèmi. Bíríkìlà kan ládùúgbò wa ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. A po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ pẹ̀lú yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, a wá bọ́kẹ́ẹ̀tì oní-lítà mẹ́wàá méjì, àti páìpù omi onínṣì kan tí púlọ́ńbà fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. A ki orí páìpù bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, a da kọnkéré sí i. Nígbà tó dì, a dojú ẹ̀ kodò, a ṣe ìkejì. Ojú la fi wọn gbogbo ẹ̀. Kọnkéré tó bá pò dáadáa máa ń tó kílò 2.4 nínú lítà kan, ìyẹn ni pé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi kọ̀ọ̀kan yẹ kó súnmọ́ kílò 24. Àmọ́ kọnkéré ò kún bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì, ọ̀gá bíríkìlà bu yanrìn lé e, ó ní ta ló máa mọ̀. Ó tún ní ọjọ́ mẹ́ta ti tó kó gbẹ. Ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń fún kọnkéré kó tó le tán, èèyàn á sì máa wọ́n omi sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ń kọ́lé fáwọn èèyàn ló ń sọ ọjọ́ mẹ́ta o! Ẹ bá mi wo ilé tó ń kọ́.

Bẹ́ǹṣì mi ni pákó kan lórí búlọ́ọ̀kù méjì. Kò sí ohunkóhun tó máa gba irin dúró. Màá jókòó, màá gbé irin sórí itan, màá wá fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é tí nǹkan kan ò ṣe mí, mo ti ń ya fọ́tò kiri. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń gbé e lẹ́ẹ̀kẹjọ lọ́wọ́, wọ́n mú iná lọ. Òkùnkùn yẹn dẹ́rù bà mí díẹ̀, ọwọ́ òsì mi rọ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn gan-an ló sì wúwo jù. Páìpù tẹ̀ bí ọrun. Kí n tó mọ̀, irin ti jókòó sáyà mi.

Fetí sí ibí yìí dáadáa. Ní jíìmù, tí irin bá ká èèyàn mọ́lẹ̀ tí kò sì sẹ́ni nítòsí, tí kò bá ti lọ́ọ̀kù ẹnu irin náà, á tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn àwo irin tó wà lórí ẹ̀ á yọ̀ dànù, ó bọ́. Tèmi, a ti dà á mọ́ orí páìpù. Kò sóhun tó máa yọ̀. Mo ti ti ilẹ̀kùn látinú. Mo pariwo, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ ti gbéra, ta ló máa gbọ́? Tí mo bá mí síta, irin á tún sọ̀ díẹ̀ sí i. Tí mo bá fẹ́ mí sínú, kò gbà fún mi. Mo wá ń yí i lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń lọ ata lórí ọlọ, kó lè kúrò láyà dé ikùn. Ibi tó ti ń gba orí egungun ìhà kọjá ni mo ti gbọ́ “kà!”, bí igi gbígbẹ. Mo ju ara mi sápá ọ̀tún, búlọ́ọ̀kù kan wó, pákó yí, irin já bọ́ gbàmù sórí táìsì. Ìgbà yẹn ni lánlọ́ọ̀dù wá ń gbá ilẹ̀kùn. Kò béèrè bóyá mo wà láàyè. “Ta ló ń fọ́ ilé mi?” ló ń sọ.

Lọ́jọ́ kejì, bọ̀ọ̀dá kan mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń to eegun. Ó faṣọ di àyà mi pinpin. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń mí fẹ́kẹ́fẹ́kẹ́ bí ajá tí oòrùn pa, ni ikọ́ bá wọlé, ni ibà bá tẹ̀ lé e. Ọsibítù ni mo tó gbọ́ pé wọn kì í di ìhà tó bá sán mọ́, torí tí èèyàn ò bá lè mí dénú, àìsàn máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yẹn fún ìyẹn. Àmọ́ aago méje àárọ̀ ni mo dé, aago méjì ọ̀sán ni mo tó rí i, ìmọ̀ràn tó sì fún mi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ni pé kí n jáwọ́ nínú irin gbígbé pátápátá. Ẹni tí ọkọ̀ gbá, ṣé wọ́n máa ń ní kó má sọdá títì mọ́ ni? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò fi lè sín, mi ò lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Olùkọ́ jíìmù tí mo wá fọ̀rọ̀ lọ̀ tún burú jùyẹn lọ. Ó ní torí mi ò ra pàúdà òun ni mi ò ṣe lágbára. Jọ̀ọ́, nínú ₦80,000 yẹn, kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ bá pàúdà lọ. Ẹ̀wà àti ẹyin wà lọ́jà.

Nígbà tí a fi hámà fọ́ irin ọ̀hún, mo gbé orí ẹ̀ méjèèjì lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja dídì. Ọ̀kan jẹ́ kílò 26, ìkejì 20.

Ó dáa, ohun tó o máa ṣe. Báàgì píọ̀wọ́tà kan ní sáṣẹ́ẹ̀tì 20, ìlàjì lítà lọ̀kọ̀ọ̀kan, kílò 10 nìyẹn láìlo òṣùwọ̀n. Kó báàgì méjì sínú àpò àgbékọ́yìn tó lágbára, o ti ní kílò 20 tó o lè fi ṣe press-up, fi lóṣòó dìde, fi gun àtẹ̀gùn. Tó bá sú ẹ, o mu ún. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tó bá kún fómi jẹ́ kílò 25. Tó bá kún fún yanrìn gbígbẹ, ó ń lọ sí 40. Omi ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, torí ó rọrùn láti dà díẹ̀ nù, kó o sì fi aṣọ wé ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì, ó máa ń gé ọwọ́. Ní ti fífà, ní kí fọkanáísà fún ẹ ní túùbù ọ̀kadà tí kò wúlò mọ́. Má fi ara rọ̀ mọ́ irin ojú fèrèsé onílé o, mo mọ ẹnì kan tó fà á tu tòun ti sìmẹ́ǹtì ẹ̀. Bí wàá ṣe pín in lọ́sẹ̀, o ti mọ̀yẹn: ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọjọ́ ìsinmi wà láàárín.

Lẹ́yìn oṣù méjì lo lè wá ọ̀pá irin. Kì í ṣe páìpù! Irin tó dì nínú, kí ìbú ẹ̀ jẹ́ mílímítà 25. Tó bá gùn ní mítà méjì, òun nìkan ti súnmọ́ kílò 8. Lọ wo Àrárọ̀mí ní Gate, tàbí Òwódé Onírin tó o bá ń lọ Èkó. Ríìmù ọkọ̀ àtijọ́ tòun ti táyà ni mo fi ń ṣe àwo irin báyìí. Wẹ́dà fi irin pẹlẹbẹ dí ihò àárín ẹ̀, ó lu ihò tó gba ọ̀pá. Kò gbọdọ̀ jó o mọ́ ọ̀pá o, kó lè yọ. Ìdí tí mo fi yan táyà rèé: àwo irin ńlá tí wọ́n fi ń díje fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, táyà ọkọ̀ kékeré ju ìyẹn lọ, ó máa ń súnmọ́ 60. Tó o bá dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìlo bẹ́ǹṣì, táyà á ti kanlẹ̀ kí irin tó tẹ àyà ẹ. Kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ wò, kí àtẹ́lẹwọ́ ẹ rọra gba àárín irin àti àyà kọjá. Tí kò bá gbà á, má gbé e. Táyà ò sì ń fọ́ táìsì onílé.

Folashade Oluwafemiayo gbé kílò 167 kúrò láyà ní Paralympics Paris ní 2024, ó gba góòlù. Wá fídíò ẹ̀ wò: àwọn èèyàn dúró tọ̀túntòsì irin yẹn tí wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ìwọ tó ò tíì gbé 40 lo fẹ́ dá wà lábẹ́ ẹ̀.

Má ti ilẹ̀kùn tó o bá ń gbé irin. Má sì torí ooru gbé jẹnẹrétọ̀ sí bákónì kí fáànù lè ṣiṣẹ́, èéfín tó ń pa èèyàn níbẹ̀ kò lóòórùn.

Ìbéèrè ẹ gan-an: dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì. Tòkúnbọ̀ ni kó o rà, irú èyí tí wọ́n ń tú àwo ẹ̀, kó o sì gbé e sórí òṣùwọ̀n kó o tó sanwó. Tí ọwọ́ bá kọ̀, wàá jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sóhun tó máa jókòó sáyà ẹ. Bẹ́ǹṣì lè dúró títí di ọdún tó ń bọ̀.

Àmọ́ o ò sọ irú ilẹ̀ tí yàrá yẹn ní. Ṣé dẹ́kìn ni, àbí ọ̀kan nínú àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ onípákó yẹn? Tó bá jẹ́ pákó, má tíì ra nǹkan kan, kọ̀wé padà sí mi ná.