Ibo ni kí n fi fólúùmù sí lára gìtá tó ń lo wáyà XLR?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà, èmi ni mo ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀ báyìí, gìtá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùù. Ẹnì kan wá bá mi tún inú rẹ̀ ṣe: ó fi bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń lo bátìrì 9 fóòtì sí i, ó yọ ihò jáàkì àtijọ́, ó fi ẹnu XLR alábẹ́rẹ́ mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Kíkùn yẹn ti lọ, àmọ́ ó yọ fólúùmù dànù kí bọ́ọ̀dù lè ráyè. Ní báyìí, bí pásítọ̀ bá dìde àdúrà, àfi kí n máa juwọ́ sí ẹni tó wà nídìí míkísà. Mo ti ra fólúùmù kan, mo fẹ́ jó o mọ́ ẹnu XLR yẹn. Abẹ́rẹ́ wo ni kí n gbé e lé?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, gbé áyọ́ọ̀nù tí o fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì jó o sílẹ̀ ná. Ohun tí o fẹ́ ṣe yìí, mo ti ṣe é rí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó-Èkìtì, nígbà tí ojú mi kò tíì là tó báyìí. Mo gbé fólúùmù lé abẹ́rẹ́ 2, mo so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ ẹ́ẹ̀tì, bí a ti ń ṣe é lára gìtá lásán. Oníbàárà yí i dé òdo, gìtá ṣì ń sọ̀rọ̀! Ohùn kàn lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni, ariwo jẹnẹrétọ̀ tí a ti lé lọ sì padà wá jókòó. Ọ̀fẹ́ ni mo tún un ṣe.

Ohun tó fà á nìyí. Abẹ́rẹ́ 1 ni ẹ́ẹ̀tì. Abẹ́rẹ́ 2 àti 3 ni wọ́n jọ ń gbé ohùn gìtá, àmọ́ ọ̀kan dorí kodò: bí ti 2 bá ń gòkè, ti 3 á máa sọ̀ kalẹ̀. Ariwo tó bá kó wọ inú wáyà lójú ọ̀nà kò mọ ìyẹn, bákan náà ló ń bà lé àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nìkan ni míkísà ń mú, nítorí náà ariwo á pa ara rẹ̀, ohùn gìtá á kù. Kí ìyẹn tó lè ṣẹlẹ̀, wáyà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ẹni méjì bá gbé pákó léjìká, tí ẹni iwájú nìkan wá bẹ̀rẹ̀, ṣé pákó ò ní dà? Abẹ́rẹ́ 2 nìkan ni mo fà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ibi tí fólúùmù rẹ yẹ kó wà ni iwájú bọ́ọ̀dù, láàárín pickup (ohun tó wà lábẹ́ okùn gìtá tó ń gba ohùn rẹ̀) àti ibi tí ohùn ti ń wọ bọ́ọ̀dù. Níbẹ̀, wáyà ohùn kan àti ẹ́ẹ̀tì ṣì ni, bọ́ọ̀dù kò tíì pín ohùn sí méjì. Bí o bá dín in kù níbẹ̀, ohun tó máa jáde ní 2 àti 3 á jọ dín kù lọ́gbọọgba.

Kí o tó jó nǹkankan, yí ẹ̀yìn fólúùmù tí o rà kí o ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí pickup rẹ bá jẹ́ èyí tó fẹ̀, tí kọ́ìlì méjì wà nínú rẹ̀, A500K ni kó jẹ́. Bó bá jẹ́ tínínrín olókọ́ìlì kan, A250K. Bó bá jẹ́ B10K tí wọ́n yọ lára rédíò, má lò ó síbẹ̀, ohùn tó ń dún ṣán-ṣán á kú pátápátá. A yẹn ṣe pàtàkì fún etí, torí B kì í lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Kọ ọ̀pá rẹ̀ sí ara rẹ, kí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ilẹ̀. Ti ọwọ́ ọ̀tún ni kí wáyà pickup wọ̀, ti àárín lọ sínú bọ́ọ̀dù, ti òsì lọ sí ẹ́ẹ̀tì. So ẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀yìn páànù rẹ̀ náà, àmọ́ fi fáìlì ha á kó máa dán kí lẹ́ẹ̀dì tó lè mú. Bí o bá rí i pé ohùn ń wúwo nígbà tí o bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, jó kapásítọ̀ kékeré tí wọ́n kọ 102 sí láàárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti àárín.

Bí àyè kò bá gbà á níbẹ̀ rárá, ọ̀nà kan ṣì wà ní ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù. Fi rẹsísítọ̀ 470 óòmù kan sójú wáyà abẹ́rẹ́ 2, òmíràn sójú ti 3, kí o fi mítà yan méjì tó bá ara wọn mu gan-an. Lẹ́yìn wọn, lápá XLR, dábùú fólúùmù A5K láàárín wáyà méjèèjì: ẹsẹ̀ òsì sí ọ̀kan, ti àárín sí èkejì, má so èyíkéyìí mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Wàá pàdánù ohùn díẹ̀ kódà tí o bá ṣí i tán, ìyẹn ni mi ò ṣe fi í ṣáájú. Àwọn kan á ní kí o ra fólúùmù oníbejì ti sítẹ́rìó. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Apá méjèèjì rẹ̀ kì í sábà dọ́gba, pàápàá nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdọ́gba yẹn la ń wá. Tí ẹnì kan bá tún lọ ṣí phantom lórí míkísà, ìyẹn iná 48 fóòtì tí míkísà ń gba inú wáyà XLR rán jáde, iná á gba inú fólúùmù oníbejì yẹn lọ sí ẹ́ẹ̀tì, yóò máa ha gáràgárà bí o ti ń yí i. Ní ti phantom pàápàá, sọ fún ẹni tó wà nídìí míkísà kó pa á lórí ojú ìlà gìtá rẹ, àfi bí ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù bá ní ó lè gbà á.

Ohun kan tí o ò bi mí rèé. Lára gìtá alábátìrì, jáàkì tí wọ́n yọ yẹn ló sábà máa ń pa bátìrì nígbà tí a bá fa wáyà yọ. XLR lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀, yíyí fólúùmù dé òdo náà kì í pa á. Bí bátìrì rẹ bá ń tètè kú, ibẹ̀ ni kí o wò. Wọ́n ń ta irú fólúùmù yìí tí suwíìṣì wà nídìí rẹ̀, èyí tí a ń fà sókè tí a ń tẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá lè pààrọ̀ èyí tí o rà, irú ìyẹn ni kí o gbà, kí o gba wáyà pupa bátìrì kọjá nínú suwíìṣì náà. Kó o pa á nígbà tí ìsìn bá parí, kó o tó fa wáyà yọ. Sọ fún oní-míkísà kó rẹ tìrẹ sílẹ̀ ná, torí á dún gbì.