Limewater tó funfun, tó tún padà mọ́ gaara

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹ ní àwọn ọmọ yín fi sitírọ́ọ̀ fẹ́ èémí sínú limewater (omi tí calcium hydroxide ti yòrò sínú rẹ̀, tí a fi ń dá carbon dioxide mọ̀), ó funfun bí omi ògì, wọ́n pàtẹ́wọ́, àfi bó ṣe tún mọ́ gaara lójú gbogbo yín. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Rárá o, ojúlówó ni. Wọ́n fẹ́ ẹ pẹ́ jù ni. Carbon dioxide inú èémí wọn tó kọ́kọ́ wọlé di calcium carbonate, tí kì í yòrò nínú omi. Òun lẹ rí tó funfun yẹn. Bó bá ń wọlé síbẹ̀, á sọ ọ́ di calcium hydrogencarbonate, èyí sì ń yòrò. Ẹ gbé e kaná kó hó, funfun náà á padà wá. Èmi kì í fo apá yìí láéláé, torí ibẹ̀ làwọn ọmọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè gidi.

Ìgò tí wọn ò dé pa ló ń ba limewater jẹ́. Awọ fẹ́lẹ́ á bo ojú rẹ̀, agbára rẹ̀ á sì máa tán lọ. Bí ẹ bá fẹ́ po tuntun, ẹ ra ìyẹ̀fun calcium hydroxide, ṣíbí kékeré kan tó fún lítà omi tútù kan, torí kò ju nǹkan bíi gíráàmù kan ààbọ̀ lọ tó máa yòrò. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ mọ́jú, kí ẹ rọra da ojú rẹ̀ tó mọ́ sínú ìgò mìíràn, kí ẹ sì dé e pa. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì ojú pátákó dípò rẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ carbon dioxide láti ibòmíràn yàtọ̀ sí èémí, ẹmu àárọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ṣì ń sọ ṣúgà di ọtí àti carbon dioxide lójú àwọn ọmọ. Ẹ bu ú dé ìdajì ìgò péré, kí ẹ fi rọ́bà dírìpù tuntun gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sínú limewater. Bí ìfófòó bá gba inú rọ́bà kọjá, ẹ dà á nù kí ẹ tún un ṣe: ẹmu fúnra rẹ̀ funfun, á tan yín jẹ. Bí ọ̀gá ilé ìwé ò bá fẹ́ ẹmu ní kíláàsì, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí kán-ún. Á hó yẹ́ẹ́, carbon dioxide náà ni.

Bí àwọn ọmọ bá ń fi sitírọ́ọ̀ fẹ́ èémí sínú limewater, ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n fẹ́ ẹ, kí wọ́n má fà á mu, kó má sì ta sí wọn lójú. Kí ẹ sì fi páḿpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán sínú limewater mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ò ju nǹkan bíi 0.04% lọ, ti èémí wa tó nǹkan bíi 4%. Ọmọ tó bá fi páḿpù fẹ́ ẹ títí tí apá fi ń ro ó, tí kò tíì funfun, á mọ ìyàtọ̀ náà fúnra rẹ̀.