Àwọ̀ Ewé Lórí Máàpù Kì Í Ṣe Igbó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mú máàpù Nàìjíríà méjì wálé. Ọ̀kan kun Èkó ní àwọ̀ ewé, èkejì kùn ún ní píǹkì. Ó ní olùkọ́ àwọn sọ pé ibi tó bá ní àwọ̀ ewé, igbó ni. Ibi tó bá jẹ́ búráùn, aṣálẹ̀ ni. Igbó wo ló kù l'Ékòó? Èwo ni kí n sọ fún un pé ó tọ̀nà? (Ìyá ọlọ́mọ kan, Sùúrùlérè)

ÌDÁHÙN: Méjèèjì tọ̀nà, ìyá wa. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ni kò tọ̀nà, ó sì ń dùn mí, torí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ní jọ́gíráfì ní Yábàá, kò sí sáà tí ọmọ kan kì í gbé àṣìṣe yìí wọ kíláàsì mi.

Ti píǹkì yẹn, máàpù ìpínlẹ̀ ni. Wọ́n kàn kùn ún kí ojú lè tètè rí ibi tí Èkó ti pààlà pẹ̀lú Ògùn ni. Wọn ì báà kùn ún ní yẹ́lò, ilẹ̀ Èkó ò yẹ̀.

Ti àwọ̀ ewé ló gba àlàyé. Bí ilẹ̀ ṣe ga sí ni máàpù yẹn ń sọ. Ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ni wọ́n ń kùn ní àwọ̀ ewé. Bó bá ṣe ń ga sí i ni wọ́n ń bọ́ sí yẹ́lò, títí dé búráùn. Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé ti fara ti ilé, tí ẹ ò ti ní rí ibi gbin ẹ̀fọ́, àwọ̀ ewé ni. Jos, níbi tí wọ́n ti ń kó pòtétò wá fún wa, búráùn ni, torí ó fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ṣé aṣálẹ̀ ló ń hu pòtétò? Ẹ tún wo Qattara ní Íjíbítì. Inú aṣálẹ̀ Sàhárà gan-an ló wà, iyanrìn àti iyọ̀ ló kún ibẹ̀, síbẹ̀ ẹ ó bá a ní àwọ̀ ewé nínú ọ̀pọ̀ átílásì, torí ibi tó jìn jù níbẹ̀ fi 133 mítà rẹlẹ̀ sí ojú òkun.

Máàpù ewéko wà lọ́tọ̀. Lórí ìyẹn, àwọ̀ ewé lè jẹ́ igbó. Kíì ló máa sọ ọ́: àpótí kékeré tó wà ní igun máàpù, tó ń túmọ̀ àwọ̀ àti àmì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni kí ojú ọmọ kọ́kọ́ máa lọ.

Ẹ fún un ní bébà, kó ya àdúgbò yín. Kó kun ṣọ́ọ̀bù ní pupa, kó kun gọ́tà ní búlúù, kó wá gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láì ṣàlàyé. Bí ẹ̀gbọ́n bá pe gọ́tà ní títì, òun fúnra rẹ̀ ló máa sáré lọ kọ kíì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ń gba Third Mainland kọjá, ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó wo bí ọ̀sà àti ilẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní Mákòkò. Ohun tí àwọ̀ ewé yẹn ń sọ nìyẹn.

Mi ò tíì fojú rí átílásì ọmọ yín o. Àwọn mìíràn ń lo àwọ̀ tó yàtọ̀. Bí kíì wọn bá ta ko ọ̀rọ̀ mi, kíì wọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí mi bá olùkọ́ jà, ọmọ lè gbọ́ ọ lódì. Ṣùgbọ́n máàpù ara ògiri tí wọ́n ń tà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tí kò ní kíì rárá, ẹ má náwó sí i.