Ìbéèrè Yín: Ta Ló Jẹ Apá Mẹ́sàn-án Nínú Prison Break Mi?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin. Ní ọdún 2008, mo wà ní poli, eré Prison Break ló sì kó sí gbogbo wa lórí. Mo ra síísìn kìíní, apá 22. Mo ra ìkejì, apá 22. Nígbà tí mo ra ìkẹta lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń pàtẹ àwo DVD sẹ́bàá ọ̀nà ní Òkè-Fíà, 13 péré ni mo bá nínú rẹ̀. Mo padà lọ bá a, mo ní ó ti yọ mẹ́sàn-án kúrò kó lè tà á lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ di ariwo, èrò pé lé wa lórí, mo sì gba owó mi padà tipátipá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi sọ fún mi pé 13 náà ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ló wá gbé mẹ́sàn-án tó kù lọ?*
Bàbá Ìbejì, Òṣogbo

Bàbá Ìbejì, ẹ ti fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. 13 ni síísìn kẹta. Kò sí mẹ́sàn-án kankan níbì kankan, torí pé wọn kò yà wọ́n rí. Àwọn tí ì bá kọ ọ́ wà lójú títì, wọ́n wọ ẹ̀wù pupa, wọ́n gbé pátákó lọ́wọ́. Ìṣojú mi ló ṣe.

Burbank ni mo wà nígbà yẹn, ìlú kan tó fara ti Los Angeles, tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ya eré pọ̀ sí. Màmá òyìnbó kan tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún ni mò ń tọ́jú. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń fún un lóògùn, a sì jọ ń wo tẹlifíṣọ̀n di òru. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ máa ń gba Olive Avenue, níwájú ẹnu ọ̀nà Warner Bros. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kọkànlá ọdún 2007, mo bá èrò níbẹ̀ tí wọ́n ń rìn yí po, àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá sì ń fọn fèrè kí wọn. Mo rò pé ìpolongo ìbò ni. Awakọ̀ ló ní rárá, àwọn tó ń kọ eré ni, wọ́n ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Writers Guild of America ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n tó 12,000 èèyàn. Àdéhùn tó wà láàárín wọn àti ẹgbẹ́ àwọn tó ni ilé iṣẹ́ eré ti parí ní 31 oṣù kẹwàá, wọn ò sì rí òmíràn fọwọ́ sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ nílé nìyí: wọn kì í kọ eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tán kí wọ́n tó máa gbé e jáde. Síísìn ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ó ń parí ní oṣù karùn-ún. Bí àwọn ará ilé ṣe ń wo apá kẹfà, wọ́n ń ya ìkẹwàá lọ́wọ́, àwọn òǹkọ̀wé sì wà nínú yàrá kan tí wọ́n ń jiyàn lórí ìkẹtàlá. Apá oníwákàtí kan sì ń gbà tó ọjọ́ mẹ́jọ láti yà. Ẹ fi wé àmù agboolé. Bí ẹni tó ń pọnmi bá gbé agbè sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Wọn á máa bu èyí tó wà nílẹ̀ títí ahá á fi kan ìdí àmù.

Prison Break ti gbé mẹ́jọ jáde nígbà tó fi di 12 oṣù kọkànlá. Wọ́n sinmi. Wọ́n padà ní 14 oṣù kìíní ọdún 2008, wọ́n bu márùn-ún tó kù mu, ìkẹtàlá jáde ní 18 oṣù kejì. Ìyanṣẹ́lódì náà ti parí ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ìgbà yẹn, ní 12 oṣù náà, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún kọ, tí yóò tún yà, tí yóò tún gé, kí oṣù karùn-ún tó kásẹ̀? Fox, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé e jáde, fi í sílẹ̀ di síísìn kẹrin. Ẹ tún gbọ́: ọgbà ẹ̀wọ̀n Sona inú síísìn kẹta, tí ẹ rò pé Panama ló wà, nítòsí Dallas ní Texas ni wọ́n kọ́ ọ sí. Káfíńtà àti awakọ̀ tó ń jẹun níbẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ iṣẹ́ dá lọ́wọ́ wọn náà.

Ti Jack Bauer, akọni inú eré tí wọ́n ń pè ní 24, le ju tiyín lọ. Ẹ̀yin tó wò ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni síísìn kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan fún apá kan. Mẹ́jọ péré ni wọ́n ti yà tán nígbà tí iṣẹ́ dúró. Fox wò ó pé kò bójú mu kí ọjọ́ tó mọ́ má lè ṣú, ni wọ́n bá sún gbogbo rẹ̀ láti oṣù kìíní 2008 sí oṣù kìíní 2009. Ọdún kan gbáko! Eré Heroes dúró ní apá 11. Eré Grey's Anatomy rí 17 ṣe, òun sì wà lára àwọn tó tún padà wá ní oṣù kẹrin.

Àmọ́ ètò alaalẹ́ ló kọ́kọ́ wó, torí àwàdà òní kì í ṣeé tọ́jú di ọ̀la, ó ń kan bí ọbẹ̀ ilá àná. Màmá òyìnbó mi kì í sùn láì rí David Letterman, bàbá aláwàdà tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn gan-an, èyí tí a ti wò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún gbé jáde. Màmá ní kí n gbá tẹlifíṣọ̀n náà lẹ́yìn, bóyá ó ti bàjẹ́. Mo gbá a. Oṣù méjì ni mo fi ń ṣàlàyé ohun kan náà lálaalẹ́, títí di 2 oṣù kìíní, tí bàbá náà fi padà dé pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun. Òun ló ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò rẹ̀, Worldwide Pants, nítorí náà ó bá ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé ṣe àdéhùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ sì bá a wọlé. Jay Leno àti Conan O'Brien, tí àwọn náà ń ṣe ètò alaalẹ́, padà lálẹ́ ọjọ́ kan náà láìsí òǹkọ̀wé. Ohun tí Conan rí fi pa àkókò ni kó máa fi òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ pòòyì lórí tábìlì. Èmi gbádùn ìyẹn ju àwàdà rẹ̀ lọ.

Nígbà tó di 13 oṣù kìíní, ayẹyẹ Golden Globes, níbi tí wọ́n ti ń fún fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n ní àmì ẹ̀yẹ, dojú dé. Àwọn òṣèré ní àwọn ò ní la àárín àwọn tó ń yan kọjá. Aṣọ ò yọ, kápẹ́ẹ̀tì pupa ò yọ, wọ́n kàn jókòó ka orúkọ àwọn tó borí bí ẹni ń ka èsì WAEC.

Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó dáadáa kí ẹ gbọ́ èyí tó kù, torí ó kàn yín. Àwo DVD wà lára ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ jà. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, iye tó ń náni láti ṣe é pọ̀, ni àwọn òǹkọ̀wé bá gbà ní 1985 pé kí wọ́n máa fún àwọn ní ìwọ̀nba. Ẹ̀rọ wá di pọ́ọ́kú, DVD dé, àwọn oníléeṣẹ́ ń kó owó rẹpẹtẹ, àmọ́ ìwọ̀nba yẹn kò yí padà. Ó ń bọ́ sí nǹkan bíi sẹ́ǹtì mẹ́rin lórí àwo kan. Àwọn òǹkọ̀wé ní kó di mẹ́jọ. Ní 4 oṣù kọkànlá, ọjọ́ kan ṣáájú ìjà, wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ yẹn kúrò lórí tábìlì kí wọ́n lè rí ti íntánẹ́ẹ̀tì gbà, níbi tí wọn kò ti ní àdéhùn gidi kankan.

Ẹ wá wo tiyín. Nínú èyí tí ẹ rà ní Òkè-Fíà, sẹ́ǹtì mélòó ló dé ọwọ́ akọ̀wé? Òdo. Ọmọkùnrin yẹn kò gé eré yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ jọ jẹ akọ̀wé ní gbèsè. Èmi náà rà á ní Dùgbẹ̀ nígbà tí mo padà dé, mi ò ní parọ́. Bí ọmọkùnrin náà bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un.

*Mo kí yín, mà. Mo ti gbọ́ pé àwọn tó ń kọ eré ní Amẹ́ríkà lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ṣé ojúkòkòrò kọ́ ló ń mú wọn yanṣẹ́ lódì? Àti pé kí làwọn iléeṣẹ́ ń gbé jáde ní gbogbo ìgbà yẹn?*
Ọmọ yín ọkùnrin, Ìkòròdú

Ọmọ mi, díẹ̀ lára wọn lówó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn dà bí àgbẹ̀ oníkòkó: owó ń wọlé lásìkò kan, lẹ́yìn náà a ó máa rọra ná an. Eré lè parí lónìí kí òmíràn má yọ fún ọdún kan. Owó kékeré tó ń wọlé nígbàkígbà tí wọ́n bá tún eré rẹ gbé jáde ni wọ́n fi ń san owó ilé títí iṣẹ́ tuntun á fi dé.

Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe bí ẹni tó wà lẹ́yìn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ màmá tí mò ń tọ́jú jẹ́ káfíńtà, òun ló ń kọ́ àwọn ilé tí wọ́n ń ya eré nínú wọn. Ní oṣù kejìlá, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ti ilẹ̀kùn. Kò sí nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé, kò sẹ́ni tó bi í kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó fara mọ́ ọn dé àárín oṣù kìíní, ó wá ní òun á máa tọ́jú ìyá òun fúnra òun. Ó fún mi ní owó ọ̀sẹ̀ méjì àti aago ògiri kan. Aago náà wà ní pálọ̀ mi n'Íbàdàn báyìí, ó máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí mo kó ẹrù mi, bọ́ọ̀sì tún gba Olive Avenue kọjá, wọ́n ṣì ń yan. Ohun tí mo sọ sí wọn láti ojú fèrèsé, Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Ọlọ́run ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ọdún 2013 ni inú mi tó rọ̀. Netflix, iléeṣẹ́ tó ń gbé eré jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé House of Cards jáde, eré tí kò gba orí tẹlifíṣọ̀n kankan kọjá. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí àwọn ẹlẹ́wù pupa ti rí ṣáájú. Ní 2008, àwọn oníléeṣẹ́ gbà pé ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ lórí eré orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn òǹkọ̀wé sì gba owó lórí eré tí èèyàn bá rà níbẹ̀. Bí iye tó rà á bá kọjá 100,000, ìdá owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti DVD. Ká ní wọ́n ti padà sílé lọ́wọ́ òfo ni, ibi tí gbogbo ayé kó lọ yìí ni wọn ì bá ti máa ṣiṣẹ́ láìní àdéhùn. Nígbà tí wọ́n dìbò láti wọlé padà, 92.5% ló ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ti ohun tí wọ́n ń gbé jáde: ohun tí kò nílò òǹkọ̀wé tó wà nínú ẹgbẹ́. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC jí American Gladiators dìde, àwọn géńdé tó ń fi ọ̀pá gbá ara wọn ṣubú. Wọ́n tún kó àwọn gbajúmọ̀ jọ síwájú Donald Trump nínú Celebrity Apprentice, kó máa lé wọn kúrò níṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú màmá òyìnbó mi dùn sí ti Trump gan-an.

*Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston. Àwa Nàìjíríà tó wà ní wọ́ọ̀dù wa kì í fi Bob Hearts Abishola ṣeré, eré àwàdà tí òyìnbó kan ti nífẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì Yorùbá. Kí ló dé tí síísìn tó kẹ́yìn fi kúrú, tí kò sì tètè bẹ̀rẹ̀? Ṣé ìyanṣẹ́lódì náà ló pa á?*
Ìyá Dámiọ́lá, Houston

Ìyá Dámiọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ òru. Ìyanṣẹ́lódì mìíràn nìyẹn, ti 2023. Àwọn òǹkọ̀wé dúró láti 2 oṣù karùn-ún títí di 27 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 148. Àwọn òṣèré náà bọ́ sí i ní 14 oṣù keje, wọn ò wọlé títí di 9 oṣù kọkànlá. Owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tún ni, pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé wọ́n á fi kọ̀ǹpútà tó ń kọ̀wé rọ́pò èèyàn. Ti 2007 dá síísìn dúró ní ìdajì ọ̀nà. Ti 2023 kò jẹ́ kí síísìn bẹ̀rẹ̀ rárá. Oṣù kẹsàn-án tó yẹ kí Abíṣọ́lá wọlé, àmù ti gbẹ láti ìsàlẹ̀. 12 oṣù kejì 2024 ló tó jáde (ẹ ṣàkíyèsí, àyájọ́ ọjọ́ tí ti 2008 parí), apá 13 péré dípò 22 ọdún tó ṣáájú.

Pé ó pa á, mi ò ní di ẹrù yẹn lé wọn lórí. Ní oṣù kẹrin 2023, kí ẹnikẹ́ni tó gbé pátákó, wọ́n ti ní owó ò tó, wọ́n sì sọ gbogbo òṣèré rẹ̀ di alágbàṣe, àfi Billy Gardell tó ṣe Bob àti Folake Olowofoyeku tó ṣe Abíṣọ́lá. Àìsàn ti wà lára kí òjò tó pa á. Èyí tó dùn mí ni Yorùbá inú rẹ̀. Bayo Akinfemi tó ṣe Goodwin ló tún ń bá wọn tún èdè náà ṣe, ẹ sì mọ̀ bí ó ṣe ń rí lára kí Àǹtí Olú máa fi Yorùbá bú èèyàn lórí CBS lálẹ́ ọjọ́ Ajé, tí àwọn òyìnbó ń ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀.

Apá 95 ni gbogbo rẹ̀ láti 2019. Bí ẹnikẹ́ni bá ta èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún yín, ẹ bi í ibi tó ti rí i.