Ejò ẹ̀yìn àpò ẹ̀pà

Ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Ìbàdàn wá sí Lugbe l'Ábújà, tó rí ejò kékeré lẹ́yìn àpò ẹ̀pà, tó ní kó máa bá òun jẹ eku: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Bí èmi náà ṣe rò nìyẹn ní Gombe lọ́dún 2011. Títí dòní, ìka mi kan ò ká dáadáa mọ́.

Ejò ilé tí ẹ mọ̀, aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, kò lóró; ńṣe ló ń wé mọ́ eku títí tí yóò fi kú. Ó wà níhìn-ín náà. Àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ń lépa eku. Ejò olóró tí àwọn Haúsá ń pè ní kububuwa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ọ̀dàn sì ni tirẹ̀, kì í ṣe igbó kìjikìji. Kò gùn rárá. Bí inú bá ń bí i, á ká, á máa fi ìpẹ́ ra ìpẹ́. Mo gbọ́ ìró yẹn, mo rò pé ìyá alákàrà ilé kejì ló ń da àkàrà sínú epo. Mo tún nawọ́ sí ìdí àpò, ló bá bù mí jẹ níka.

Inú ihò àti òkìtì ọ̀gán ni àwọn kububuwa máa ń wọ̀ lásìkò ọyẹ́, àfi tí àwọn èèyàn bá sun igbó. Òjò àkọ́rọ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. L'Ábújà, nǹkan bí oṣù kẹrin ni. Ní Gombe ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i. Àwọn àgbẹ̀ ń gbé ọkọ́, ejò náà ń jáde. Nílé l'Ọ́yọ̀ọ́, mi ò rí irú àsìkò bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n fi okùn dì mí lọ́wọ́, wọ́n fi òkúta dúdú tí wọ́n ní ó ń fa oró lé e, wákàtí 4 ṣòfò. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ mi sínú ìgò gíláàsì tín-ínrín, kò fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 20. Nígbà tó dorí rẹ̀ kodò, ó ṣàn wìì bíi zóbò. Kò dì rárá. Oró kububuwa nìyẹn. Abẹ́rẹ́ aporó ló gbà mí, owó oṣù méjì ló sì bá a lọ.

Nítorí náà, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ gbé àpò yẹn sórí pákó, kó jìnnà sí ògiri. Ẹ wọ bàtà òjò, kẹ́ ẹ fi igi gígùn sún un. Bí ẹ bá gbọ́ bí ẹni ń dín nǹkan, tí iná ò sì sí lórí sítóòfù, ẹ fẹ̀yìn rìn.